Igi, Wáyà àti Ọrùn Jìtá

Ní ọdún 1949, Àyìndé Bákàrè, àgbà olórin jùjú, pa ukulele-banjo tó ti ń ta tì, ó mú jìtá. Ó fẹ́ so máíkì mọ́ ohun èlò rẹ̀, kò sì ríbi so ó mọ́ lára ti àkọ́kọ́. Èmi tí mò ń tún jìtá ṣe kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, torí bí wọ́n ṣe kan jìtá ló ń pinnu ohùn tí yóò fọ̀ àti ẹni tí yóò gbé e.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Leo Fender gbé èyí tí a ń pè ní Telecaster lónìí jáde ní Fullerton, ní California. Rédíò ni Fender ń tún ṣe tẹ́lẹ̀. Kò mọ jìtá ta rárá. Ojú ẹni tó ń tún nǹkan ṣe ló fi wo iṣẹ́ náà. Pákó pẹlẹbẹ ni ara jìtá náà, kò sí ihò nínú, skúrù mẹ́rin ló sì fi de ọrùn mọ́ ọn. Bí ọrùn bá wọ́, tú skúrù, fi òmíràn sí i, kí olórin máa bá eré rẹ̀ lọ. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ni. Nígbà tí etí jìtá náà ń gún àwọn olórin nígbàáyà, Fender gbẹ́ ẹ̀yìn jìtá rẹ̀ tuntun, Stratocaster, wọnú ní 1954, ó ń tà á ní $249.50.

Ilé iṣẹ́ Gibson ti Kalamazoo gba ọ̀nà mìíràn ní 1952 pẹ̀lú jìtá Les Paul. Mahogany tó nípọn ni, wọ́n fi maple bò ó lójú, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ wúrà, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ọrùn mọ́ ọn pátápátá. Ní 1957 wọ́n fi pickup (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn okùn jìtá) tí onímọ̀ ẹ̀rọ wọn, Seth Lover, ṣe sí i: ìdì wáyà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀kan ń pa ariwo iná tó ń kùn nínú èkejì. Ohùn rẹ̀ wá kún dẹ́dẹ́. Ti Fender ń dún ketekete bí agogo.

Les Paul rẹwà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, ìdí orí náà sì ni wọ́n ti gbẹ́ igi jù kí irin inú ọrùn lè ráyè. Bí ó bá ṣubú látorí àga, ibẹ̀ gan-an ló ń kán. Mo ti lẹ irú rẹ̀ púpọ̀.

Les Paul tí wọ́n kùn ní pupa àti ìyeyè láàárín 1958 sí 1960 kò tà, Gibson sì pa á tì. Ìgbà tí ata-jìtá Eric Clapton fi Les Paul gba rẹ́kọ́ọ̀dù pẹ̀lú olórin blues John Mayall ní 1966 ni gbogbo ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Gibson tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Les Paul ní 1968. Bí wúrà làwọn ògbólógbòó náà rí lónìí. Síbẹ̀, Stratocaster dúdú ti ata-jìtá David Gilmour tí wọ́n tà ní $3,975,000 ní 2019, ó ti pààrọ̀ ọrùn rẹ̀ léraléra kó tó tà á. Ohun tí Fender rò gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin tó ń ra jìtá àlòkù, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tó ń dán fà yín lójú. Ẹ yẹ ẹ̀yìn orí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ rí, kí ẹ tó dúnàá-dúrà.