Ojú Biko Lára Aṣọ

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ kì í fi ẹni tó wọ̀ ọ́ hàn nìkan; a máa ru ìtàn pẹ̀lú. Èyí ni mo rò nígbà tí mo kà nípa Nkhensani Nkosi, ọmọ Gúúsù Áfíríkà.

Òṣèré orí tẹlifíṣàn ni obìnrin yìí kí ó tó di ẹni tí ń dá àrà sí aṣọ. Ní ọdún 2000, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kógbá sílé, ó dá ilé-iṣẹ́ Stoned Cherrie sílẹ̀ ní Johannesburg. Ó tẹ àwòrán iwájú ìwé ìròyìn Drum ti àwọn ọdún 1950 sára ẹ̀wù. Ìwé ìròyìn yìí ló ń fi oge, orin àti ìjàkadì àwọn ará Sophiatown hàn aráyé. Ní 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọlọ́pàá lé wọn kúrò nílé; ó wó àdúgbò náà, ó sì sọ ọ́ ní Triomf, èyí tí í ṣe Ìṣẹ́gun.

Nkosi tẹ ojú Steve Biko pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí á rántí pé ní 1973, ìjọba fi òfin de Biko: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1977, ó kú ní àtìmọ́lé ọlọ́pàá, ẹni 30 ọdún. Ẹni tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wá ń rìn nígboro, láyà àwọn ọ̀dọ́.

Àwọn kan lè sọ pé òkú akọni ni wọ́n ń tà lọ́jà. N kò fojú kéré ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bà mí lẹ́rù ju ọjà lọ ni ìgbàgbé. Ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè, àwọn aládìrẹ ilẹ̀ wa fi àwòrán òun àti ayaba rẹ̀ ṣe ọnà sára aṣọ. Ọlọ́ba ni a ń pe aṣọ náà. Mo fi í han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó mọ ọba tó wà níbẹ̀. Àwòrán kù, ìtàn ti lọ.

Nítorí náà, mo gbóṣùbà fún Nkosi. Ó ti ṣe ipa tirẹ̀. Aṣọ lè mú kí ọmọdé béèrè pé, "Ta nìyí?" Ẹnu àgbà ni ìdáhùn wà. Bí àgbà bá dákẹ́, Biko náà yóò di ọnà ara aṣọ lásán.