Ta Ló Yẹ Kó Béèrè? Ìtàn Ojú Òpó Ilé Ìkàwé Yunifásítì

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé ìkàwé yunifásítì gbà lóye òwe yìí: òǹkàwé ni kó béèrè, òṣìṣẹ́ ni yóò dáhùn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ bí ìbéèrè náà ṣe yí padà, tó fi di pé ilé ìkàwé fúnra rẹ̀ ló ń béèrè, kí n sì sọ ohun tó kan àwa tí a ń wá ìtàn Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.

Kíka òǹkàwé sí kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1876, ní Amẹ́ríkà, Charles Cutter tẹ òfin kátálọ́ọ̀gì jáde: ẹni tó bá mọ orúkọ òǹkọ̀wé, tàbí àkọlé, tàbí kókó ọ̀rọ̀ nìkan gbọ́dọ̀ lè rí ìwé tó ń wá. Ní 1931, S. R. Ranganathan, ará Íńdíà, fi òfin márùn-ún lélẹ̀; ìkẹrin ni pé kí a má fi àkókò òǹkàwé ṣòfò. Síbẹ̀, inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti sábà máa ń pinnu ohun tí òǹkàwé fẹ́. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ojú ewé àkọ́kọ́ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì kún fún orúkọ ẹ̀ka iṣẹ́ àti èdè àwọn òṣìṣẹ́.

Ibi tí mo ti rí ìyípadà náà kedere ni Yunifásítì Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York. Ilé ìkàwé ibẹ̀ gba onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbé ayé ẹ̀dá, Nancy Fried Foster, síṣẹ́. Ó lọ wo bí àwọn olùkọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé wọn kì í sábà fi ìwádìí wọn sínú àpótí ìpamọ́ tí ilé ìkàwé ṣí fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2005, òun àti Susan Gibbons tẹ àbọ̀ jáde: orúkọ tí ilé ìkàwé sọ àpótí náà kò ní ìtumọ̀ létí àwọn olùkọ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀nà láti bá ẹlẹgbẹ́ wọn ṣiṣẹ́ pọ̀, àti láti mọ èyí tó kẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n ti tún kọ léraléra.

Láàárín 2004 sí 2006, ó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fún wọn ní kámẹ́rà láti ya ohun tí wọ́n ń gbé kiri. Wọ́n ní kí wọ́n sàmì sí ibi tí wọ́n dé ní ọjọ́ kan lórí máàpù. Wọ́n ní kí wọ́n ya àwòrán ojú òpó tó wù wọ́n sórí bébà. Ìwé tó ti ibẹ̀ jáde ní 2007, Studying Students, fi hàn pé tí iṣẹ́ bá ta kókó, òbí ni àwọn kan ń pè, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Ọmọ kì í wá ẹ̀ka iṣẹ́ kó tó pe ìyá rẹ̀. Ẹnìkan ló fẹ́ kó gbọ́ gbogbo ìṣòro òun.

Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi Faransé kàwé yóò tẹ «Kétou». «Ketu» ló wà lára àkọlé ìwé tí Parrinder kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1956. Ìwé kan pè wá ní Nàgó, òmíràn ní Yorùbá. Ní Bẹ̀nẹ̀ a ń kọ ɛ àti ɔ, ní Nàìjíríà wọ́n ń kọ ẹ àti ọ. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n àfi tí ẹnìkan bá kọ́ ọ. Ọmọ Kétu tí kò bá rí nǹkan kan lè gbà pé kò sẹ́ni tó kọ ìtàn ìlú òun.

Nítorí náà, kí a tó pààrọ̀ àwọ̀ ojú òpó kankan, mo dá a lábàá pé kí a jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan, kí a ní kí wọ́n wá ìwé kan nípa ìlú wọn, kí a má ràn wọ́n lọ́wọ́, kí a sì kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀. Bébà àti kálámù tó o. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ni kí a kọ́kọ́ fi kọ́ kátálọ́ọ̀gì wa.