Ọ̀pá Gáàsì àti Háídrójìn ní Èkó: Iṣẹ́ Ìwádìí Tó Wà Nílẹ̀

Ọ̀pá gáàsì ni ọ̀nà irin tí wọ́n ń rì mọ́ abẹ́ ilẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ òkun láti gbé gáàsì láti ibi tí wọ́n ti ń wà á dé ilé iṣẹ́ amúnáwá àti ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ní Èkó, ó gba abẹ́ Ìgànmú, Ìjọ́ra, Ìlúpéjú, Apápá àti Ìkẹjà kọjá. Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ káàkiri ayé ń wá ìdáhùn sí báyìí ni bóyá irú ọ̀pá yìí lè gbé háídrójìn, gáàsì tí kì í tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sílẹ̀ bó bá ń jó. Ìbéèrè náà kan Èkó gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọ̀pá ti wà nílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó lè yẹ̀ ẹ́ wò sì wà ní Yábàá.

Bí ọ̀pá gáàsì ṣe dé Èkó

Ìjọba àpapọ̀ dá Nigerian Gas Company sílẹ̀ ní 1988 láti máa bójú tó gbígbé gáàsì kiri nílẹ̀ yìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pá Escravos sí Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 36, ó gùn ju 300 kìlómítà lọ, ó sì gba Warri wá sí Ẹgbin nítòsí Ìkòròdú, níbi tí ilé iṣẹ́ amúnáwá tí wọ́n kọ́ láti pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì wà.

Láti ara ọ̀pá ńlá yìí ni wọ́n ti ya àwọn kéékèèké wọ ìgboro. Ilé iṣẹ́ Gaslink, tó wà lábẹ́ Axxela báyìí, ló ri ọ̀pá dé ẹnu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ, ohun mímu àti ike. Kí gáàsì tó dé, dísẹ́ẹ̀lì àti epo dúdú ni wọ́n ń fi tan jẹnẹrétọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe iná abẹ́ ìkòkò ńlá wọn. Gáàsì mú èéfín dín kù, ó sì gba ojú pópó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ agbépo.

Láti Ìtòkì ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ibi tó ti so mọ́ ọ̀pá Escravos, ni Ọ̀pá Gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2003. Ó jẹ́ 678 kìlómítà lápapọ̀: ó gba orí ilẹ̀ dé Àgbádárìgì, ó bọ́ sínú òkun, ó sì ya sí Kútọnu, Lomé àti Tema kó tó dé Takoradi. Ní oṣù Ògún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi kan tí àwọn olè orí òkun kọ lù fa ọ̀pá náà ya nítòsí Lomé. Ó tó oṣù mẹ́wàá gáàsì kò kọjá, iná sì ṣẹ́jú ní Gánà gan-an.

Háídrójìn tó ti wà láàárín wa

Háídrójìn kì í ṣe àjèjì ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí wọ́n ṣí ní oṣù Ẹrẹ́nà 2022, ń yọ ọ́ lára gáàsì láti fi ṣe amóníà, amóníà náà ni wọ́n sì ń sọ di ajílẹ̀ yúríà. Agbára tí wọ́n kọ́ ọ fún jẹ́ mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù yúríà lọ́dún. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ tọ́ọ̀nù háídrójìn kan lára gáàsì lọ́nà tó wọ́pọ̀, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù bíi tọ́ọ̀nù 9 sí 10 ló ń bá a jáde. Èyí tí wọ́n ń pè ní háídrójìn aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi iná oòrùn tàbí ti atẹ́gùn yọ lára omi. Ó mọ́ tónítóní, àmọ́ owó rẹ̀ ṣì wọ́n.

Ohun tó mú kó ṣòro fún ọ̀pá

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún gáàsì kò fi bẹ́ẹ̀ di ti háídrójìn, nítorí ìdí mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni agbára. Bí a bá kó gáàsì àti háídrójìn sínú àyè kan náà lábẹ́ ìfúnpá kan náà, agbára inú háídrójìn kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì lọ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa kí ilé iṣẹ́ tó rí iye ooru tó ń rí tẹ́lẹ̀.

Èkejì ni jíjò. Háídrójìn fúyẹ́, ó sì kéré, ó ń rí ibi tí gáàsì kò lè gbà jáde. Ó lè gbiná bó bá jẹ́ ìdá 4 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó yí i ká, nígbà tí ti gáàsì kò ju ìdá 5 sí 15 lọ.

Ẹ̀kẹta ló ń gba àkókò àwọn olùwádìí jù: háídrójìn ń wọ inú irin lọ, irin tó yẹ kó tẹ̀ díẹ̀ kó tó ya á wá máa kán lójijì. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò nìyí. Wọ́n á gé ègé kan lára ọ̀pá, kó ní ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀ nínú. Wọ́n á gbẹ́ àárín rẹ̀ kó tín-ín-rín, wọ́n á de orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á fi háídrójìn yí i ká, ẹ̀rọ á sì máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ègé tí wọ́n fà nínú afẹ́fẹ́ lásán á gùn, ọrùn rẹ̀ á tín-ín-rín kó tó já. Èyí tí háídrójìn ti wọ̀ lára lè já kó tó gùn rárá, ojú ibi tó ti já á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́.

Ibi tí ìwádìí dé

Jámánì ti ní ọ̀pá tó ń gbé háídrójìn fún àwọn ilé iṣẹ́ ní agbègbè Ruhr láti 1938, nítorí náà iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò HyDeploy ní Yunifásítì Keele da háídrójìn tó tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ gáàsì fún bí ọgọ́rùn-ún ilé láti ìparí 2019 títí di 2021. Ìdá 20 yẹn dín afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù kù ní bí ìdá 7 péré, nítorí agbára háídrójìn tó kéré tí a ti mẹ́nu bà. Ètò FutureGrid ní Spadeadam tún lọ jìnnà sí i: ọ̀pá àti ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò rí ni wọ́n tò pọ̀, tí wọ́n sì fi háídrójìn dán wò láti ìdá 2 dé ọgọ́rùn-ún.

Nílé, ìjọba Jámánì ṣí ọ́fíìsì háídrójìn kan sí Abuja ní 2021. Àjọ WASCAL, tó ń ṣèwádìí ojú ọjọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti ilé ìwádìí Forschungszentrum Jülich ti Jámánì ya àwòrán ilẹ̀ ibi tí háídrójìn aláwọ̀ ewé ti lè ṣeé ṣe ní Áfíríkà, WASCAL sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní oyè másítà lórí rẹ̀ ní àwọn yunifásítì kan, ti Lomé wà lára wọn. Ní Àkọkà, Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀pá. Ní 2007, Vincent Olunloyo àti Charles Osheku pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde lórí bí ọ̀pá abẹ́ òkun tí nǹkan ń ṣàn nínú rẹ̀ ṣe ń mì lórí ilẹ̀ tó ń sún. Yabatech, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yábàá tó ti wà láti 1947, ń kọ́ àwọn tí yóò fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ irin àti ẹ̀rọ.

Ààbò

Ní oṣù Èbìbí 2008, katapílà tó ń la ọ̀nà ní Ìjẹ̀gún bẹ́ ọ̀pá epo lábẹ́ ilẹ̀. Iná sọ, ó gba ilé àti ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀mí sì bá a lọ. Epo ni ọ̀pá yẹn ń gbé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan gáàsì àti háídrójìn. Èkó ń gbẹ́ ilẹ̀ lójoojúmọ́ fún omi, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì àti gọ́tà, ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ kó tó gbé irin sókè. Òórùn tí wọ́n ń fi sínú gáàsì kí imú lè tètè gbọ́ pé ó ń jò náà nílò ìwádìí, nítorí háídrójìn fúnra rẹ̀ kò ní òórùn, iná rẹ̀ kì í sì í hàn dáadáa lójú ọ̀sán.

Ohun tó kù

Ìjọba pe 2021 sí 2030 ní ọdún mẹ́wàá gáàsì, ó sì ṣèlérí ní ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow lọ́dún 2021 kan náà pé ìtújáde afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù yóò di òfo nígbà tó bá di 2060. Ìlérí méjèèjì pàdé nínú ọ̀pá. Bí a bá ń ri ọ̀pá tuntun báyìí láìbéèrè bóyá irin rẹ̀ lè gba háídrójìn, àwọn ọmọ wa ni yóò hú u.

Ètò tó yẹ kò ṣòro sọ. Kí a kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò, nítorí gáàsì tó jò ń mú ayé gbóná ju afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Kí àwọn tó ni ọ̀pá máa fi ègé èyí tí wọ́n bá pààrọ̀ ránṣẹ́ sí Àkọkà àti Yábàá fún ìdánwò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Spadeadam. Èsì ilẹ̀ òkèèrè wúlò, ṣùgbọ́n irin tiwa ti wà nínú ilẹ̀ olómi Èkó láti ọdún pípẹ́, ọwọ́ wẹ́dà tiwa ló sì jó o pọ̀. Èsì ìdánwò tiwa nìkan ló lè sọ ìwọ̀n háídrójìn tó lè gba abẹ́ Ìlúpéjú kọjá láìséwu.