Pápá Ìṣeré Kútọ̀nù: Ìtàn Ilé Eré Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀

Ará Ìfọ̀nyìn, ìlú tí wọ́n ń kọ ní Ifangni nínú ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀, tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ wo bí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣe ń bá òmíràn gbá bọ́ọ̀lù, apá òkun ló yẹ kó dorí kọ. Títì tó ti Ìdí-Ìrókò gba Ìgólò kọjá yóò kọ́kọ́ gbé e dé Àjàṣẹ́, níbi tí pápá ìṣeré Charles de Gaulle wà. Bó bá tẹ̀ síwájú, yóò dé Kútọ̀nù, níbi tí èyí tó tóbi jù wà: pápá ìṣeré Général Mathieu Kérékou, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní Stade de l'Amitié, Pápá Ọ̀rẹ́.

Ṣáínà ni ọ̀rẹ́ náà. Ọdún 1964 ni Bẹ̀nẹ̀, tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, kọ́kọ́ bá Ṣáínà dá àjọṣe ìjọba sí ìjọba sílẹ̀. Àárín wọn dàrú ní 1966, ó sì tún gún padà ní ìparí 1972, lẹ́yìn tí Mathieu Kérékou gbàjọba ní 26 Oṣù Kẹwàá ọdún náà. Láyé ìjọba rẹ̀ ni àwọn ará Ṣáínà kọ́ pápá náà, wọ́n sì ṣí i ní 1982 pẹ̀lú àyè fún nǹkan bí 35,000 òǹwòran. Lẹ́yìn tí Kérékou kú ní 2015 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ fi hàn pé wọn kò fẹ́ kó jẹ́ ti bọ́ọ̀lù nìkan. Koríko wà láàárín, ọ̀nà eré sísá tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ 400 mítà yí i ká, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjókòó àwọn òǹwòran wà. Ẹni tí kò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ a máa ráhùn pé ọ̀nà eré sísá yìí mú kí àwọn agbábọ́ọ̀lù jìnnà sí òun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò lè kọ́ ilé kan fún bọ́ọ̀lù, kó tún kọ́ òmíràn fún àwọn asáré. Àwọn asáré náà sì ń gbé orúkọ ìlú ga: ní Glasgow ní 2024, Noélie Yarigo gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú eré 800 mítà, níbi ìdíje àgbáyé ti inú gbọ̀ngàn. Ibi tó fẹ̀ báyìí wúlò fún ìjọsìn pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni Póòpù Benedict XVI ti ṣe Máàsì ní 20 Oṣù Kọkànlá 2011.

Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní Oṣù Kìíní 2005, Bẹ̀nẹ̀ gbàlejò ìdíje àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà. Nàìjíríà gba ife, Bẹ̀nẹ̀ ṣe ipò kẹta, ó sì rí àyè lọ sí ìdíje àgbáyé ní Netherlands lọ́dún kan náà. Ní 24 Oṣù Kẹta 2019, Bẹ̀nẹ̀ na Tógò ní 2-1 ní Kútọ̀nù, ó sì gba ibẹ̀ dé Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Íjíbítì. Níbẹ̀ ló ti fi wò-mí-n-gbá-a-sílé lé Mòrókò jáde, tó sì wà lára àwọn mẹ́jọ tó kù fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àjàṣẹ́ náà ti ṣe tirẹ̀. Pápá Charles de Gaulle ni Super Eagles ilẹ̀ Nàìjíríà wá ní 27 Oṣù Kẹta 2021. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ láti Èkó, Paul Onuachu sì gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé nígbà tí eré ti fẹ́ parí. Gernot Rohr ló ń kọ́ Nàìjíríà nígbà náà. Ní 2023, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá Bẹ̀nẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ Rohr wá ń gbóná ni ilé bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò sí pápá kan ní Bẹ̀nẹ̀ tó bá ìlànà CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, àti ti FIFA mu mọ́, wọ́n sì ní láti lọ máa gba àlejò ní Abidjan, lórílẹ̀-èdè Ivory Coast. Abidjan ni wọ́n ti na Nàìjíríà ní 2-1 ní Oṣù Kẹfà 2024. Ibẹ̀ náà ni South Africa ti nà wọ́n ní 2-0 ní Oṣù Kẹta 2025. Nígbà tí ìdíje láti dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026 parí, South Africa ní àmì 18, Bẹ̀nẹ̀ ní 17. Ká ní ọ̀mì ni wọ́n ta ní Abidjan lọ́jọ́ náà, Bẹ̀nẹ̀ ì bá ní 18, South Africa ì bá ní 16. Òótọ́ ni pé Nàìjíríà na Bẹ̀nẹ̀ ní 4-0 ní Uyo lọ́jọ́ ìkẹyìn, kò sì sí ẹni tó lè búra pé Kútọ̀nù ì bá yí ohunkóhun padà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹgbẹ́ tó sún mọ́ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tó báyẹn gbá bọ́ọ̀lù láìsí ariwo àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́yìn.

Ìjọba Patrice Talon, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ti kọ́ pápá ìṣeré sí ọ̀pọ̀ kọ́múnù. Iṣẹ́ rere ni. Ẹ̀kọ́ tí Kútọ̀nù kọ́ wa ni pé ọjọ́ tí a ṣí pápá ni ìnáwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Koríko ń fẹ́ omi, iná ń fẹ́ àtúnṣe, ọ̀nà eré sísá ń ṣá, ìlànà CAF sì ń le sí i. Kí owó ìtọ́jú wà nínú ìṣúnná owó ọdọọdún, kó má dúró de ìgbà tí CAF bá ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìfọ̀nyìn lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ láìkọjá ààlà kankan.