Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn nínú ìtàn oògùn ìfun kan

Nínú àwọn ìwé Faransé tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́, Stockholm ni ìtàn sulfasalazine, oògùn egbò ìfun, ti bẹ̀rẹ̀, Oxford ni ó sì parí sí. Èrò mi ni pé kò pé bí kò bá gba Ìbàdàn kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní Igana, ní agbègbè Pobè, nítorí Nàgó ni wá, ìbátan àwọn ará ibẹ̀.

Àrùn tí mò ń sọ yàtọ̀ sí ìgbẹ́ ọ̀rìn tí oògùn ọjọ́ mélòó kan lè wò. Ìfun ńlá ni ó ń wú, tó ń legbò, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń bá ìgbẹ́ jáde, ó sì lè bá ènìyàn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn a máa dín kù. Yàtọ̀ sí èyí tó ń dà nù, ibi tó wú náà ń tú èròjà tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin. Stress oxydant ni Faransé ń pè é.

Nanna Svartz, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Karolinska ní 1937, ń wá oògùn fún làkúrègbé. Ilé iṣẹ́ Pharmacia bá a so sulfapyridine, oògùn sulfa kan, pọ̀ mọ́ ìbátan aspirin kan. Ní 1942 ó kọ̀wé pé ó ran àwọn onígbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n sulfa a máa mú kí himogilóbíìnì dì di èérún kéékèèké nínú sẹ́ẹ̀lì pupa. Robert Heinz ti ṣàpèjúwe irú èérún bẹ́ẹ̀ ní Jámánì ní 1890.

Ta ni èyí ń pa lára jù? Ìdáhùn wá láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Stateville ní Illinois, níbi tí wọ́n ti ń dán oògùn ibà primaquine wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n. (Bóyá ẹlẹ́wọ̀n lè sọ pé òun kò ṣe, ìbéèrè ńlá ni.) Sẹ́ẹ̀lì pupa àwọn kan nínú àwọn aláwọ̀ dúdú ń fọ́. Ní 1956, Carson, Alving àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé ẹ́ńsáìmù G6PD, tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, kò tó lára wọn.

Ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti oògùn nìkan. Lucio Luzzatto, ará Ítálì, dé ibẹ̀ ní 1964, ní ìlú tí G6PD kò ti tó lára ọkùnrin bí ẹyọ kan nínú márùn-ún. Ní 1969, òun, Usanga àti Reddy tẹ àbájáde kan jáde nínú Science. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tí ibà ń ṣe, tí sẹ́ẹ̀lì oríṣi méjèèjì wà lára wọn, wọ́n sì rí kòkòrò ibà púpọ̀ nínú èyí tó pé ju èyí tó ní àbùkù lọ. Àbùkù náà ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ibà, ó sì ń fi í lé oògùn lọ́wọ́. Kì í ṣe oògùn nìkan pàápàá: ní 1980, Olowe àti Ransome-Kuti kọ̀wé láti Èkó nípa ewu ibà pọ́njú fún ọmọ tuntun tí G6PD rẹ̀ kò tó bí mẹ́ńtọ́ọ̀lù bá kàn án. Naphtaline tí a ń fi sáàárín aṣọ náà léwu fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Oxford wá dá sí i ní 1977. Azad Khan, Piris àti Truelove ya oògùn Svartz sí méjì, wọ́n sì lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìbátan aspirin yẹn ló ń wo ìfun. Sulfapyridine kàn ń gbé e débẹ̀ ni. Ìdajì tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ìdajì tó ń woni sàn. Láti ibẹ̀ ni mesalazine, tí kò ní sulfa, ti jáde.

Síbẹ̀ sulfasalazine kò kúrò nílẹ̀, ìwé ìlò rẹ̀ sì ń kìlọ̀ nípa àwọn tí G6PD wọn kò tó. Bí oníṣègùn bá fẹ́ kọ ọ́ fún ará Pobè tàbí Sakété, àyẹ̀wò G6PD ló yẹ kó ṣáájú, fún ọkùnrin ní pàtàkì, torí orí kúrómósómù X ni àbùkù náà wà, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni ọkùnrin ní.