Ọjọ́ Márùn-ún ní Reggio Emilia: Òǹkọ̀wé Ọmọdé Láàárín Àwọn Olùkọ́

Tí òǹkọ̀wé ìwé ọmọdé bá wọ ìlú, ohun tí a sábà máa ń rí ni pé yóò kàwé sí àwọn ọmọ létí, wọn yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò ya fọ́tò, ó di gbéré. Ohun tó ń kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí àlejò bá lọ ni àpilẹ̀kọ yìí ń wò. Gianni Rodari, òǹkọ̀wé ìwé ọmọdé, ọmọ Ítálì tí wọ́n bí ní Omegna lọ́dún 1920, ni mo gbé yẹ̀wò jù, torí pé ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbà ṣe irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ti Trullo, àdúgbò kan ní Róòmù. Lọ́dún 1964, òun àti àwọn ọmọ kíláàsì kan níbẹ̀ jọ hun ìtàn ohun ràgàjì kan tó bọ́ láti òfuurufú sórí òkè àdúgbò wọn. Àwọn àgbà rò pé ọ̀tá láti ayé mìíràn ló dé, kẹ́ẹ̀kì ni. Ìtàn náà di ìwé, *La torta in cielo*, lọ́dún 1966. Irú rẹ̀ náà ni ti Gununa ní erékùṣù Mornington, lápá àríwá Ọsirélíà, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé ìwé ọmọdé Alison Lester àti Elizabeth Honey ti bá àwọn ọmọ ìlú ṣe *Our Island*, tó jáde ní 2014. Iṣẹ́ rere ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n bí.

Ọ̀nà kejì ni ti Reggio Emilia, ìlú kan ní Ítálì, ó sì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1945, bí ogun ṣe parí, àwọn ará Villa Cella nítòsí ìlú náà ta táńkì ogun, ọkọ̀ akẹ́rù àti ẹṣin tí àwọn ọmọ ogun Jámánì sá fi sílẹ̀, wọ́n sì fi owó rẹ̀ kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Nínú ìyà ẹ̀yìn ogun yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé ni wọ́n náwó lé! Loris Malaguzzi, olùkọ́ tó jẹ́ ojúgbà Rodari, gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó, kò sì kúrò nídìí iṣẹ́ náà mọ́. Ní 1963 ìjọba ìlú dá jẹ́lé-ó-sinmi tirẹ̀ sílẹ̀.

Ilẹ̀ tí wọ́n ti ro ni Rodari bá. Láti ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 1972, nǹkan bí àádọ́ta olùkọ́ ló jókòó tì í, ó sì kó ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan rèé: ọmọ kan á kọ ọ̀rọ̀ síwájú pátákó, èkejì á kọ tirẹ̀ sẹ́yìn, wọn ò ní rí ti ara wọn. Ọ̀kan kọ "ajá", èkejì kọ "àpótí aṣọ". Kí ni ajá ń wá nínú àpótí? Ajá wo ló gbé àpótí rù? Ibẹ̀ ni ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ tiwa náà ń so ohun tí kò jọra pọ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó lanu. Níhìn-ín, ọmọ ló máa wá ìdáhùn.

Ní jẹ́lé-ó-sinmi Diana nílùú náà, "iná" àti "bàtà" ni ọ̀rọ̀ tó kan ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta sọ ìtàn ọmọ tí kì í yé wọ bàtà bàbá rẹ̀. Bàbá bínú, ó fi í kọ́ sára iná ilé. Ọmọ já bọ́ lóru, gbogbo ara rẹ̀ ń tàn yòò. Bàbá yí orí rẹ̀, ó fa etí, ó tẹ imú àti ìdodo, iná ò kú. Ìgbà tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ ni iná tó kú. Ẹ wò ó: bàtà tó dá wàhálà sílẹ̀ náà ló parí rẹ̀. Àgbà òǹkọ̀wé mélòó ló lè di ìtàn báyìí?

Ohun tí wọ́n gbà sórí téèpù lọ́sẹ̀ yẹn ni Rodari fi ṣe *Grammatica della fantasia* ní 1973, ìlú Reggio Emilia ló sì fi ìwé náà dá lọ́lá. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe òǹkọ̀wé wá sílùú yín, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó kó àwọn ọmọ jáde, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ àga fún àwọn olùkọ́ wọn.