Ìyàwó Ọkọ Tó Sọnù Nínú Òfin Àwọn Júù

Lábẹ́ òfin àwọn Júù, ikú tàbí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ nìkan ló ń tú obìnrin sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ. Bí ọkọ bá sọnù sójú ogun tàbí sórí òkun, agúnà ni wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀, kò sì lè fẹ́ ẹlòmíràn, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bó bá fẹ́, tí ọkọ àkọ́kọ́ sì yọ lójijì, yóò kúrò lọ́dọ̀ ọkọ méjèèjì, àbùkù á sì wà lára ọmọ tó bí fún ìkejì. Òfin tó le gan-an ni.

Nítorí ìnira yìí ni àwọn rábì ṣe dẹ ọwọ́ lórí ẹ̀rí. Ẹlẹ́rìí méjì ni òfin sábà máa ń bèèrè, ṣùgbọ́n Míṣínà, àkójọ òfin àwọn rábì tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, gba ẹnì kan ṣoṣo níhìn-ín, ìbáà jẹ́ obìnrin tàbí ẹrú. Lórí ọ̀ràn omi ni wọn kò ti gbọ̀jẹ̀gẹ́. Ẹni tó rì sínú adágún tí gbogbo etí rẹ̀ hàn, tí kò jáde, ti kú. Ti òkun kò rí bẹ́ẹ̀, torí ẹni náà lè gúnlẹ̀ síbi tójú kò tó.

Ní 1968, ọkọ̀ abẹ́ omi Dakar ti Ísírẹ́lì rì pẹ̀lú ènìyàn 69. Síbẹ̀, Rábì Shlomo Goren yọ̀ǹda kí àwọn ìyàwó wọn tún ọkọ fẹ́, kó tó di pé wọ́n rí àfọ́kù ọkọ̀ náà ní 1999.